Thomas Paine, ẹni tó ní kí onílẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ fún gbogbo ènìyàn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tálákà kò lè kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀ bí ó ti wù ú. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1662, tó sọ pé àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì tí a mọ ènìyàn sí ni yóò máa bọ́ ọ bí ìṣẹ́ bá dé bá a. Bí ó bá lọ wá iṣẹ́ ní ibòmíràn, tí àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ níbẹ̀, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ lè gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kí wọ́n dá a padà sí ibi tó ti wá. Wọn kò fẹ́ náwó lórí àlejò. Aboyún tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìyà bẹ́ẹ̀: wọn a máa yára lé e lọ kí ó tó bímọ, kí ọmọ náà má bàa di ẹrù wọn. Inú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Thomas Paine sí, ní ìlú kékeré Thetford, ní oṣù kìíní ọdún 1737.

Ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ìdílé olówó. Joseph bàbá rẹ̀ a máa rán ẹ̀wù líle kan tí àwọn obìnrin ìgbà náà ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ kí ìbàdí wọn lè rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọmọ ìjọ Quaker ni bàbá yìí, àwọn onígbàgbọ́ tí kì í jagun, tí wọn kì í sì í ṣí fìlà fún ọlọ́lá kankan. Thomas lọ sí ilé ẹ̀kọ́ títí ó fi tó bí ọmọ ọdún 13, lẹ́yìn náà ó jókòó ti bàbá rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò wù ú. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó sá lọ sójú òkun nínú ọkọ̀ àwọn tó ń fi ipá gba ẹrù àwọn ọ̀tá ọba lórí omi. Ó padà dé pẹ̀lú owó díẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò pẹ́ tán.

Ní ọdún 1759, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀ ní ìlú Sandwich, ó sì gbé ìyàwó. Kò pẹ́ rárá tí ọjà fi kùtà, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú. Ó wá di agbowó-òde ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gun ẹṣin kiri, kí ó máa wọn ọtí àti àwọn ọjà mìíràn tí àwọn oníṣòwò ní, kí ó sì gba owó ọba lórí wọn. Ní ọdún 1765 wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti yẹ àwọn ọjà kan wò, nígbà tí kò dé ibẹ̀ rárá. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n dárí jì í, wọ́n sì rán an lọ sí ìlú Lewes ní ọdún 1768.

Ní Lewes ni ayé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Ó wọ̀ sí ilé alátà tábà kan, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin onílé náà lẹ́yìn tí bàbá ọmọ náà kú. Owó ọ̀yà agbowó-òde jẹ́ 50 pọ́n-ùn lọ́dún. Inú owó yìí ni òṣìṣẹ́ yóò ti bọ́ ẹṣin tó ń gùn, tí yóò sì ti san àwọn owó mìíràn. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ṣílè méjì lójúmọ́. Ní ọdún 1772, Paine kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní orúkọ gbogbo àwọn agbowó-òde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí wọ́n bá fi ebi pa ẹni tó ń gba owó ọba, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́ ọ ní olè jíjà. Wọ́n tẹ 4 000 ìwé náà, Paine sì lo ìgbà òtútù kan gbáko ní London láti máa pín in fún àwọn aṣòfin. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin ọdún 1774, wọ́n tún ti lé e lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àyè. Ṣọ́ọ̀bù tábà wọko gbèsè, wọ́n sì ta gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, òun àti ìyàwó rẹ̀ kejì pínyà.

Ọmọ ọdún 37 ni nígbà náà. Kò ní iṣẹ́, kò ní ọmọ, kò ní ilé. Ó di dandan kí ó yan ibi tí yóò gbà lọ. Ó lè padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ kí ó tún máa rán ẹ̀wù obìnrin. Ó lè dúró sí London, níbi tí àwọn aláìníṣẹ́ ti pọ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n ó ti pàdé ọkùnrin kan ní London tó ń jẹ́ Benjamin Franklin, ará Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ká. Franklin gbà á níyànjú pé kí ó lọ sí Philadelphia. Ìlú náà ló tóbi jù nínú gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà. Àwọn Quaker, ìjọ bàbá Paine, ló sì tẹ̀ ẹ́ dó. Franklin kọ lẹ́tà kan fún un láti mú lọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n bá ọkùnrin náà wá iṣẹ́ akọ̀wé tàbí iṣẹ́ olùkọ́.

Ẹni tó bá wo ọ̀ràn yìí dáadáa yóò rí i pé Paine kò mọ ohun púpọ̀ nípa ibi tó ń lọ. Lẹ́tà kan àti owó ọkọ̀ ni gbogbo ohun tó ní. Síbẹ̀, ó sàn fún un ju ọ̀pọ̀ àwọn tó bá wọ ọkọ̀ lọ. Àwọn kan wà nínú ọkọ̀ náà tí wọ́n ti fi ara wọn ṣe ìwọ̀fà. Nítorí pé wọn kò rí owó ọkọ̀ san, wọ́n ti ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún ọdún mélòó kan fún ẹni tí yóò rà wọ́n lọ́hùn-ún. Ibà burúkú wọ inú ọkọ̀ náà lójú òkun. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Philadelphia ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1774, Paine kò lè dìde. Lẹ́tà Franklin ló mú kí dókítà kan wá gbé e kúrò nínú ọkọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó lè rìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó rí iṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn kan. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà nígbà náà lórí owó-orí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń pe ara wọn ní ọmọ ọba. Ní oṣù kìíní ọdún 1776, Paine tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní Common Sense, èyí tó túmọ̀ sí làákàyè. Ó fi èdè tí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́ ṣàlàyé pé kò sí ìdí kankan tí erékùṣù kékeré kan yóò fi máa jọba lórí ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé náà ní àtúntẹ̀ léraléra lọ́dún náà. Ní oṣù keje, Amẹ́ríkà kéde òmìnira. Paine kò jẹ nínú èrè ìwé náà: ó fi í sílẹ̀ kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ fún àwọn ọmọ ogun tó wà nínú òtútù.

Ohun méjì mìíràn tó ṣe ní Amẹ́ríkà yẹ ní mímọ̀, bí àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ máa sọ nípa wọn púpọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1777, òun ni akọ̀wé àwọn aṣojú tó lọ bá àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé ní Easton. Láti ìgbà náà, ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà lórí ilẹ̀ ayé tí kò ní ààfin, tí kò sì ní alágbe. Èkejì ni pé òun ni akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Pennsylvania ní ọdún 1780, nígbà tí ilé náà ṣe òfin pé ọmọ tí ẹrú bá bí láti ìgbà náà lọ kò ní jẹ́ ẹrú títí ayé rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ìpínlẹ̀ New York fún un ní oko ńlá kan ní New Rochelle láti fi dúpẹ́. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó dúró ti ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun ni wọ́n ti gba oko náà. Paine ti ní ilẹ̀, ó ti ní orúkọ, ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1787 ó tún gbéra. Ó ti ya àwòrán afárá onírin kan, ó sì fẹ́ wá ẹni tí yóò bá a kọ́ ọ ní Faransé tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn àjò afárá ló mú un padà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé ló dá a dúró níbẹ̀.

Ní ọdún 1791 àti 1792, ó kọ ìwé kan ní apá méjì lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Àwọn olóyè Gẹ̀ẹ́sì kórìíra rẹ̀ nítorí ohun tó sọ nípa ọba. Ṣùgbọ́n apá kejì ìwé náà ní ohun mìíràn tó wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Paine jókòó ti ìṣirò owó ìjọba, ó sì fi hàn pé bí wọ́n bá dín owó ogun àti owó àwọn olóyè kù, èyí tó ṣẹ́kù yóò tó láti fún ìdílé tálákà ní pọ́n-ùn mẹ́rin lọ́dún lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 14, kí ọmọ náà lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Arúgbó aláìní yóò máa gba pọ́n-ùn mẹ́fà lọ́dún láti ọmọ 50 ọdún, àti pọ́n-ùn mẹ́wàá láti 60 ọdún. Ó ní bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kò ní sí pé wọ́n ń wọ́ tálákà tó ń kú lọ láti àdúgbò kan sí òmíràn mọ́. Ọmọkùnrin Thetford kò gbàgbé òfin ọdún 1662.

Ìjọba fẹ̀sùn kàn án. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1792, ó gba Dover kọjá lọ sí Faransé. Àwọn aṣọ́bodè tú gbogbo àpótí rẹ̀ wò, òun tó ti jẹ́ agbowó-òde rí, àwọn èrò sì ń hó lé e lórí. Ní Calais, lódì kejì omi, ìbọn ìkíni ni wọ́n yìn fún un. Àwọn ará ibẹ̀ ti dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Ní oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ ní London dá a lẹ́bi lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà kò tún fi ojú rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Ní Paris, wọ́n ń ṣe ẹjọ́ Ọba Louis kẹrìndínlógún. Paine kórìíra oyè ọba, ṣùgbọ́n kò kórìíra ọkùnrin tó jẹ oyè náà. Ó rán àwọn aṣòfin létí pé Louis yìí ló ran Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nígbà ogun òmìnira. Ó dá a lábàá pé kí wọ́n tì í mọ́lé títí ogun yóò fi parí, kí wọ́n sì lé e lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, níbi tí yóò ti máa gbé bí ará ìlú lásán. Ẹlòmíràn ló ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Faransé, tí Marat sì ń pariwo láti dá a dúró. Ìlú tó gba òun là ni Paine fẹ́ kí ọba náà lọ. Wọn kò gbọ́. Wọ́n bẹ́ orí ọba ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 1793.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣaláìlẹ́yìn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún náà, wọ́n mú Paine lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Luxembourg, nítorí pé àlejò tí wọ́n bí ní ilẹ̀ ọ̀tá ni. Ó ní ọmọ Amẹ́ríkà ni òun, ṣùgbọ́n aṣojú Amẹ́ríkà ní Paris nígbà náà, Gouverneur Morris, kò sapá láti gbà á sílẹ̀. Ó lo oṣù mẹ́wàá nínú ẹ̀wọ̀n, ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, ẹ̀fun ni wọ́n fi ń sàmì sí ilẹ̀kùn yàrá àwọn tí wọn yóò bẹ́ lórí. Ọjọ́ tí wọ́n sàmì sí tirẹ̀, ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí wọ́n tì í lálẹ́, àmì bọ́ sí inú, àwọn tó wá kó òkú ọ̀la kò rí i. James Monroe, aṣojú tuntun tí Amẹ́ríkà rán wá, ló gbà á jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1794, ó sì mú un lọ sí ilé ara rẹ̀.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1795 sí 1796, nígbà tí àìsàn ẹ̀wọ̀n kò tíì tán lára rẹ̀, Paine kọ ìwé kékeré kan lórí ìdájọ́ òdodo nípa ilẹ̀ oko. Ọdún 1797 ni ìwé náà jáde. Òfin tuntun ilẹ̀ Faransé ti yọ àwọn tí kì í san owó-orí kúrò nínú ìdìbò, inú Paine kò sì dùn sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kan ti wàásù pé ọgbọ́n Ọlọ́run ló dá olówó àti tálákà. Paine dáhùn pé Ọlọ́run dá ọkùnrin àti obìnrin, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ ayé. Ọwọ́ ènìyàn ló dá ìyókù.

Ẹni tó bá ti dáko lórí ilẹ̀ ẹbí mìíràn yóò tètè lóye ohun tó sọ. Àlejò tó gba ilẹ̀ dáko a máa mú nínú irè oko rẹ̀ wá fún ẹbí onílẹ̀ lọ́dọọdún. Iṣu tó gbìn jẹ́ tirẹ̀, òógùn ojú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà ó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Paine gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí gbogbo ayé. Lójú rẹ̀, gbogbo ọmọ ènìyàn ni ẹbí onílẹ̀. Ẹni tó ṣán igbó, tó fi ọgbà yí i ká, tó sì ń pè é ní tèmi, ó ní ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi kún ilẹ̀ náà, kò ní ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó jẹ àwọn yòókù ní ìṣákọ́lẹ̀. Paine kò ní kí wọ́n gba oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ti mú ayé dára sí i. Ó kàn ní kí gbèsè náà di sísan.

Bí wọn yóò ṣe san án nìyí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá kú, ìdá kan nínú mẹ́wàá ogún rẹ̀ yóò lọ sínú àpò ìlú. Bí ogún náà bá jẹ́ 1 000 pọ́n-ùn, 100 yóò jẹ́ ti ìlú, 900 yóò kù fún àwọn ọmọ. Bí ó bá jẹ́ ìbátan tó jìnnà ló fẹ́ jogún, ohun tí wọn yóò mú yóò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yan àkókò ikú nítorí pé kò ní sí ẹni tí wọ́n gba ohun tó ń lò lọ́wọ́ rẹ̀, àrólé kò sì tíì ṣiṣẹ́ fún owó náà. Láti inú àpò yìí, ẹnikẹ́ni tó bá pé ọdún 21 yóò gba pọ́n-ùn 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó bá pé ọdún 50 yóò máa gba pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́dọọdún títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Afọ́jú àti arọ yóò gba tiwọn láìdúró de 50 ọdún. Ó ṣírò pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin bá fẹ́ra, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú pọ́n-ùn 15 tirẹ̀ wá, wọ́n lè ra màlúù kan àti irin iṣẹ́ tí wọn yóò fi ro ilẹ̀ díẹ̀. Wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, bí Paine ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Sandwich.

Nínú ìwé ọdún 1792, tálákà nìkan ni yóò gba owó. Nínú èyí, gbogbo ènìyàn ni, olówó àti òtòṣì. Ìyàtọ̀ yìí ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ìtọrẹ àánú ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n a kì í bi ọmọ ẹbí bóyá ó jẹun lónìí kí a tó fún un ní ìpín rẹ̀. Olówó tí kò bá fẹ́ tirẹ̀ lè dá a padà sínú àpò. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé àwọn ẹlòmíràn láti yẹ ẹrù wọn wò mọ bí ìwádìí ṣe ń dójú ti ènìyàn. Owó tó jẹ́ ẹ̀tọ́ kò nílò olùwádìí, kò sì so ènìyàn mọ́ àdúgbò ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ọmọ Thetford tó ṣí lọ sí Lewes yóò gba tirẹ̀ ní Lewes. Yóò lè kúrò níbi tí iṣẹ́ kò sí láìbẹ̀rù ebi, yóò sì lè dúró ti òbí rẹ̀ bí ìyẹn ló bá wù ú. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé owó ọ̀fẹ́ yóò sọ ènìyàn di ọ̀lẹ kò ṣàì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́dún kò tó láti sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá. Ó tó kí arúgbó má tọrọ jẹ ni.

Kò sí ìjọba kan tó gba ìmọ̀ràn náà nígbà ayé rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1909, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó aláìní tó ti pé ọdún 70 ní ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà ló sún mọ́ èrò Paine jù. Epo rọ̀bì tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n kà sí ohun ìní gbogbo ará ìlú. Láti ọdún 1982, wọ́n ń pín nínú èrè owó náà fún gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Ti ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 1 000. Ìjọba Alaska ti kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹni tó pẹ́ níbẹ̀ gbà ju àlejò lọ, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà kọ̀: bákan náà ni ìpín gbogbo wọn. Ní ọdún 2017 àti 2018, ìjọba Finland fún 2 000 aláìníṣẹ́ ní 560 yúrò lóṣooṣù láìbi wọ́n léèrè ohunkóhun. Wọn kò pa iṣẹ́ wíwá tì, ọkàn wọn sì balẹ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Paine padà sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1802. Ó ti dàgbà, kò sì mọ ilẹ̀ náà dáadáa mọ́. Ìwé kan tó kọ ní Faransé, èyí tó fi tako Bíbélì àti àwọn àlùfáà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba Ọlọ́run gbọ́, ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra rẹ̀. Àwọn ìyá a máa fa ọmọ wọn kúrò lọ́nà bí ó bá ń kọjá. Ní ọdún 1806, ó lọ dìbò ní New Rochelle, níbi tí oko rẹ̀ wà. Àwọn alábòójútó ìdìbò dá a padà. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, nítorí pé nígbà tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ní Paris, aṣojú Amẹ́ríkà kò pè é ní ọmọ tiwọn.

Obìnrin Faransé kan, Marguerite Bonneville, tí òun àti ọkọ rẹ̀ gba Paine sílé fún ọdún mélòó kan ní Paris, ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà. Paine ń bá a tọ́jú wọn, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1809. Ó ti bẹ àwọn Quaker pé kí wọ́n sin òun sí ilẹ̀ ìsìnkú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí oko rẹ̀ ní New Rochelle. Àwọn tó tẹ̀lé òkú náà kò pọ̀ rárá.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, William Cobbett, oníwé ìròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti máa ń bú Paine tẹ́lẹ̀ kó tó yí ọkàn padà, wú egungun náà lóru. Ó dì í sínú àpótí, ó sì gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti fẹ́ kọ́ ibojì ńlá fún un. Kò rí owó tó tó kó jọ. Nígbà tí Cobbett kú ní ọdún 1835, egungun náà ṣì wà láàárín ẹrù rẹ̀. Wọ́n pín ẹrù náà, egungun sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà lónìí.